Títì tuntun àdúgbò wa ní Àkúrẹ́: bó ṣe rí fún àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn

Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń lo títì tí wọ́n ṣe sí àdúgbò wa lápá Òkè-Àró ní Àkúrẹ́. Títì náà ti rí òjò, ó ti rí ọyẹ́, ó ti rí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tí gbogbo ayé ń wọ́ wálé. Ó tó àsìkò láti sọ bó ṣe ń ṣe sí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí títì yẹn gan-an, mi ò sì ní mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ ra òwú àti síìpù l'Ọ́jà Ọba, àfi tí ẹrù bá pọ̀ ni mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá bọ̀. Màmá mi tó ń fi ọ̀pá rìn ń gbé lọ́dọ̀ mi, àwọn ọmọ mi sì ń sọdá lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lódìkejì. Onímọ́tò tó bá ní títì yìí dára gan-an, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àwa ẹlẹ́sẹ̀ la pọ̀ jù níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àwa ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Gọ́tà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gba máàkì jù lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ tiwa da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa, òjò ńlá kan ṣoṣo ti tó kí omi ya láti òkè wá, kó gbé iyanrìn àti ọ̀rá píọ́wọ́tà wọ inú ilé onílé. Onídìrí tó wà nísàlẹ̀ wa kì í fi àga sílẹ̀ lálẹ́ tí òjò bá ti wọlé dé, orí tábìlì ló ń kó wọn sí. Ní báyìí, gọ́tà wà lọ́tùn-ún lósì, ó jìn, ó fẹ̀, wọ́n sì la ojú rẹ̀ títí dé odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Òjò kankan ò tíì wọlé bá onídìrí látìgbà náà. Wọ́n tún jẹ́ kí àárín títì ga díẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, kí omi lè pín sí ìhà méjèèjì. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Omi tó bá dúró lórí kóótà á wá ihò wọ abẹ́ rẹ̀, òkúta ìsàlẹ̀ á rọ̀, táyà á máa gún un, kòtò á yọ. Ọ̀pọ̀ títì tí ẹ ń rí tó bàjẹ́ kó tó pé ọdún méjì, omi ló bà á jẹ́.

Orí gọ́tà yìí kan náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣílàbù tí wọ́n fi bò ó nìkan ni ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ní, wọn ò sì bò ó tán. Níwájú ilé kan, ṣílàbù wà. Níwájú ilé kejì, gọ́tà la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàápàá kò dọ́gba: ọ̀kan ga, èkejì wọlẹ̀, ẹ̀kẹta ń mì. Mo dúró ti màmá mi, mo wo bó ṣe ń rìn ín. Á kọ́kọ́ fi ọ̀pá tẹ ṣílàbù wò bóyá ó ń mì, kó tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tó le lé e. Níbi tí ṣílàbù méjì ti pàdé, àlàfo kan wà tó gba ìdí ọ̀pá rẹ̀ wẹ́kú. Bí ọ̀pá bá ti bọ́ síbẹ̀, èmi ni mo máa fà á yọ. Níbi tí ṣílàbù bá sì ti tán, dandan ni kó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì níbi tí ọ̀kadà ti ń fò, etí títì náà sì ga tó orókún ọmọdé. Wọn ò ṣe ibì kan ní gẹ̀rẹ́ tí aláàbọ̀ ara lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà, tàbí tí obìnrin tó pọnmọ tó tún rugbá lè gbà sọ̀ kalẹ̀ láìfì. Ìgbà tí wọ́n ń da kọnkéré gan-an ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, torí ìnáwó rẹ̀ nígbà yẹn kò tó nǹkan.

Àwọn tó wá ń kó gọ́tà náà, mo gbóríyìn fún wọn, wọ́n hú ẹrẹ̀ jáde pátápátá. Wọ́n wá kó o jọ sétí gọ́tà, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò tó rọ̀ tẹ̀lé e dá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Ṣílàbù tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi àti ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbé e padà sáyè rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó máa kó ẹrẹ̀ kò bá tíì dé, kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó tún ká mi lára ni eré. Nígbà tí kòtò pọ̀, kò sẹ́ni tó lè sáré níbí. Ọjọ́ tí kóótà gbẹ ni eré bẹ̀rẹ̀. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò gbọdọ̀ sá ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú. Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ààbò ojú títì tí wọ́n ṣe ní Stockholm ní 2020, wọ́n ní kò yẹ kó ju 30 lọ níbi tí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ bá ti jọ ń lo títì. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ọkọ̀ bá gbá nígbà tó rọra ń sá sábà máa ń yè é, bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyè ń jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló kú sójú títì lágbàáyé ní 2021, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Ní títì tiwa yìí, wọn ò ri bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ tó sọ iye tí èèyàn lè sá mọ.

Wọ́n ṣe bọ́ǹpù méjì. Èyí tó wà níwájú ilé ìwé wà níbi tó yẹ, ó ga níwọ̀n, mọ́tò ò lè fò ó. Èkejì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn ò kùn ún, dúdú ló wà lórí dúdú. Ọlọ́kadà tí kò mọ àdúgbò kì í rí i lálẹ́ àfi ìgbà tó bá ti gbé e sókè tán, a sì ti gbé èèyàn dìde níbẹ̀. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan àti búrọ́ọ̀ṣì ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé iwájú ilé ìwé. Wọ́n fa ìlà funfun síbẹ̀ fún àwọn ọmọ láti máa gbà sọdá, tíṣà kan sì máa ń dúró pẹ̀lú àsíá pupa láàárọ̀. Ọlọ́run á bù kún tíṣà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìlà yẹn gan-an ni takisí àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń dúró sí láti gbé èrò, torí pé ibẹ̀ ni èrò wà. Ọmọ kékeré tó fẹ́ sọdá á wá máa yọrí wò láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ tó ń bọ̀ kò rí ọmọ, ọmọ kò rí awakọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn ọmọ yìí ò sì rí ibi tí wọ́n máa fojú wò.

Ìlú kékeré kan wà ní New Jersey l'Amẹ́ríkà, Hoboken lorúkọ rẹ̀, odò ló là á sọ́tọ̀ kúrò lára New York. Ohun tí wọ́n mú ní ọ̀kúnkúndùn níbẹ̀ ni pé wọ́n ń lé ọkọ̀ kúrò létí oríta, wọ́n ń ri òpó kéékèèké tàbí kí wọ́n ṣe ibi òdòdó sáyè tí ọkọ̀ ìbá dúró sí, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti awakọ̀ lè máa rí ara wọn. Ní 2022 wọ́n tún dín eré ìlú náà kù sí 20 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí 32 kìlómítà. Lẹ́yìn oṣù kìíní 2017, ó lé lọ́dún méje gbáko tí ọkọ̀ kankan ò pa ẹnikẹ́ni lójú títì wọn. Hoboken ò tó Àkúrẹ́ rárá ní títóbi. Òpó mẹ́rin níwájú ilé ìwé yẹn, ká sì gbé ibùdókọ̀ síwájú díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú ńlá New York fúnra rẹ̀, àwọn tó ń bójú tó títì wọn mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan kékeré dán nǹkan ńlá wò. Ní 2009, nígbà tí Janette Sadik-Khan jẹ́ ọ̀gá wọn, wọ́n ti apá kan títì Broadway pa mọ́ ọkọ̀ ní Times Square, kí èèyàn lè rí ibi rìn àti ibi jókòó. Wọn ò dúró de bílíọ̀nù. Dúróòmù ni wọ́n fi dí ojú ọ̀nà, wọ́n ra àga tí àwọn èèyàn ń gbé lọ sétí òkun, wọ́n tò ó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni wọ́n tó wá náwó gidi sí i. Ní ọ̀pọ̀ oríta wọn pẹ̀lú, iná tó ń darí ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7, kí ẹlẹ́sẹ̀ ti wọ àárín títì kí ọkọ̀ tó ráyè yà. Ẹni tó bá ti ru ẹrù sọdá ọ̀nà Ọba Adésídà rí, lápá Ọjà Ọba, lọ́jọ́ tí ọjà kún, á mọ ohun tí ìṣẹ́jú àáyá 7 lè ṣe fún èèyàn.

Iná sólà tí wọ́n rì sí títì wa ti jẹ́ kí n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù di aago mẹ́sàn-án alẹ́, owó sì ń wọlé tí kì í wọlé tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku bo ojú páńẹ́ẹ̀lì, iná ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan máa gun òkè lọ nù ún. Lápapọ̀, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yìí: gọ́tà àti iná ló jẹ méjì ààbọ̀ níbẹ̀, bọ́ǹpù iwájú ilé ìwé ló jẹ ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Igi máńgòrò kan wà ní oríta wa tẹ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn bàbá ti ń ta ayò, ibẹ̀ náà ni èèyàn ti ń sinmi tí oòrùn bá mú. Wọ́n gé e láti fẹ títì. Mi ò bá wọn jà lórí pé wọ́n fẹ títì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gọ́tà níbẹ̀ tó gbin igi mìíràn, ó tó gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, ó sì wà lásán, pàǹtírí ló ń gbà. Màmá mi ò lè rìn láti ilé dé oríta kó má jókòó. Nígbà tí igi wà, ó ń dá lọ, ó ń dá bọ̀. Ní báyìí tí kò ríbi jókòó mọ́, ilé ló ń gbé. Ẹgbẹ́ onílé ti ní àwọn á máa gbá ibẹ̀, àwọn á sì máa bomi rin igi bí ẹnikẹ́ni bá lè gbà wá láyè láti gbìn ín.

Àwọn ìyá tó ń tajà lórí ṣílàbù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ní kí wọ́n lé wọn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá ni ọjà ti ń tà, bí wọ́n bá lé wọn lónìí, wọ́n á padà lọ́la, ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù wọn tí wọ́n máa bà jẹ́. Kí wọ́n fa ìlà sílẹ̀: ìhín ni ti ọjà, ọ̀hún ni ti ẹsẹ̀. Ìyá alákàrà iwájú wa ti sún àdògán rẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí mo fi ọ̀nà tí màmá mi ń gbà hàn án. Kò sẹ́ni tó fi kóńdó lé e.

Ní ti bí àwọn tó ni iṣẹ́ ṣe ń gbọ́ ẹjọ́, ó pẹ́. A pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìgbà tí ẹgbẹ́ onílé kọ lẹ́tà, tí a ya fọ́tò gbogbo ibi tí kò ní ṣílàbù, tí a kọ nọ́ńbà ilé tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn fọ́tò, ni ọ̀gbẹ́ni kan wá pẹ̀lú téèpù. Ó wọn gbogbo rẹ̀, ó bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì gbà pé bọ́ǹpù ìsàlẹ̀ nílò ọ̀dà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ tiyín, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i lára. Òǹtẹ̀ yẹn ni a fi hàn wọ́n nígbà tí wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Tí ọkọ̀ bá sì gbá èèyàn, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìjọba àpapọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Mo kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ṣílàbù tó kù máa dé kí ilé ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n bá gbé e wá, màá fi ìràwọ̀ kan kún un níbí.