Ilé ìkọ́ṣẹ́ aládìrẹ fún ọmọ tí ilé ìwé ti sú, l'Óṣogbo

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi débẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni, láti JSS3 ni kò ti lọ ilé ìwé mọ́, ìdí ọkọ̀ ní Old Garage ló ń jókòó sí látàárọ̀. Ibi tí mò ń wí kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi ń fa ojú ọmọ mọ́ra. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà: wọ́n á tì í bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á yà á sára aṣọ funfun, wọ́n á wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní gba aró. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń yọ́ wọlé: yáàdì mélòó, aró èló, èrè dà? Ọmọ tó ń sá fún ìṣirò ló ń bá mi jiyàn iye owó aṣọ báyìí! Olùkọ́ wọn kì í na ọmọ, ó sì ń gba ọmọbìnrin tó pọn ọmọ wọlé. Èyí wú mi lórí ju aró lọ.

Ìlú yìí kúkú mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1964, ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà tí òyìnbó méjì, Ulli àti Georgina Beier, ṣe níbí ni gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, Twins Seven-Seven, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

Ìwé kíkà ló kù díẹ̀ káàtó. Kò sẹ́ni tó ń múra wọn sílẹ̀ fún ìdánwò NABTEB, ìyẹn ìdánwò ìjọba fún iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò. Bí òjò bá sì rọ̀, kíláàsì ti parí, páànù ń jò. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìdánwò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún ọmọ yín. Wọn kì í pín in.