Guppy àbí Bti: èwo ló tó owó ẹni fún tanwíji inú adágún?

Ẹni tó bá ní adágún lẹ́yìnkùlé, ìbáà ṣe ti ẹja títà tàbí ti ẹwà, mọ wàhálà tanwíji. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń jẹni. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà fún wa: òróró dóńgóyárò, Bti tó jẹ́ oògùn tanwíji, àti guppy, ẹja kékeré tó ń jẹ tanwíji. N kò ka kẹrosíìnì mọ́ wọn, torí ó ń pa ẹja.

Òróró dóńgóyárò kì í jẹ́ kí tanwíji dàgbà, àmọ́ oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Tó bá sì pọ̀ jù, ó lè ṣe ẹja ní jàǹbá.

Bti jẹ́ kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní Israel ní 1976. Tanwíji á jẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ á bàjẹ́, á sì kú. Kì í pa ẹja, kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Nínú omi tó mọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í ṣú kí ẹ tó rí òkú tanwíji.

Bó ṣe ń pẹ́ tó nínú omi ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó mi bá lọ. Ẹni tó ta tèmi ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Adágún alámọ̀ ni mo ní, ìyókù oúnjẹ ẹja àti ìgbẹ́ ẹja ló kún inú rẹ̀. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, Bti á lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí, á sì rì, nígbà tí tanwíji ẹ̀fọn ibà na ara gbalaja sójú omi lókè. Kí oṣù tó pé, mo fi abọ́ funfun bu omi létí koríko: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń jà wìrìwìrì, àwọn àgbà sì ti ká kọ́rọ́ bíi kọ́mà. Àwọn tó ti ká yẹn kì í jẹun mọ́, nítorí náà Bti kò rí wọn mú. Bí mo ṣe ń ra òmíràn títí òjò fi dá nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo déètì ara rẹ̀, ẹ má sì gba èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn.

Ẹni tó ra guppy, ẹ̀ẹ̀kan ló rà á. Ọmọ ló ń bí, kì í yé ẹyin. Ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ojú omi gan-an ló ti ń jẹun. Omi ìdọ̀tí kò sì dẹ́rù bà á: wọ́n wà nínú gọ́tà Èkó, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Nínú adágún tí mo fi sinmi àti táǹkì omi mi, òun nìkan ni mo ń lò báyìí.

Àmọ́ àrọ̀ á gbé e mì. Níbi tí àrọ̀ bá wà, ẹ ro koríko etí omi, torí ibẹ̀ ni tanwíji ń sá pamọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kí guppy bọ́ sódò. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í ṣe ẹja wa. Bí wọ́n bá fi Gambusia, ẹja kékeré mìíràn tó ń jẹ tanwíji, lọ̀ yín, ẹ má gbà á rárá. Ó ń gé ìrù ẹja mìíràn jẹ, ó ń jẹ ọmọ wọn, ó sì wà lára ọgọ́rùn-ún ẹ̀dá àjèjì tó burú jù lágbàáyé. Ọmọ èpìyà náà ń jẹ tanwíji, ṣùgbọ́n wọ́n á pọ̀ títí, wọ́n á máa bá àrọ̀ jẹ oúnjẹ tí ẹ fowó rà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kó ojú oró kúrò. Tanwíji ẹ̀fọn Mansonia máa ń gún gbòǹgbò rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mí, kì í wá sókè. Ẹja àti Bti kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú.

Fún omi òjò tó dúró sójú ipa táyà tàbí nínú ihò búlọ́ọ̀kù, Bti ni kí ẹ rà. Fún omi tó wà yípo ọdún, guppy ni, akọ pẹ̀lú abo. Ẹ gbé ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn wá lé orí adágún fún ìgbà díẹ̀ kí omi méjèèjì lè bára mu, kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.