Pẹ́rọ́sáìdì: ká ra ti inú àgbá ni, àbí ká ra ẹ̀rọ tó ń ṣe é?

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo haidirójìn pẹ́rọ́sáìdì, ì báà jẹ́ fún ìtọ́jú omi ìdọ̀tí tàbí fún mímú kí aṣọ funfun, ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó fún iṣẹ́ yín.

Ti inú àgbá. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọjà. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ anthraquinone ṣe é, pẹ̀lú haidirójìn tí wọ́n sábà máa ń yọ lára gáàsì. Ó lè le tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú èyí máa ń jó awọ ara, ó sì lè mú kí iná ràn. Bó bá jẹ́ ìdá 3 lẹ ń lò, wọ́n á yọ omi kúrò lára rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin náà á tún bu omi là á níhìn-ín, ẹ ó sì san owó ọkọ̀ lé e.

Ẹ̀rọ tó ń lo afẹ́fẹ́ àti omi. Iná mànàmáná máa ń sọ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ di pẹ́rọ́sáìdì lára ọ̀pá nẹ́gátíìfù, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì tí iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe nǹkan àjèjì: ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Huron-Dow ti ṣe é fún àwọn tó ń fi igi ṣe bébà. Omi rẹ̀ kún fún sódà kọ́sítíìkì, àmọ́ sódà náà wúlò fún wọn. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Rice University, Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí kò ní iyọ̀ rárá, tó sì le tó ìdá 20. Ọ̀nà yìí ni èmi ì bá tẹ̀ lé.

Ẹ̀rọ tó ń lo omi nìkan. Òun ló dùn gbọ́ jù: pẹ́rọ́sáìdì lára ọ̀pá pósítíìfù, haidirójìn ní ọ̀pá kejì bí ènì. Àmọ́ ó kéré tán, fólítì 1.76 ni omi nílò kó tó di pẹ́rọ́sáìdì, bẹ́ẹ̀ 1.23 ti tó láti sọ ọ́ di ọ́síjìn. Ọ́síjìn ló máa ń yá jáde. Èyí tó bá sì di pẹ́rọ́sáìdì, ọ̀pá kan náà ṣì lè bà á jẹ́. Ẹ máa wò ó lókèèrè ná.

Bí olùtajà bá ní ẹ̀rọ òun kì í jẹ iná, ẹ bá a ṣírò. Kìlógíráàmù pẹ́rọ́sáìdì kan ń gba nǹkan bí ampere-hour 1,576 (ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú ẹ̀rọ kọjá). Ní fólítì 2, bí iná kankan kò bá ṣòfò, kilowatt-hour 3.15 nìyẹn, bí ìdajì bá ṣòfò, ó di 6.3. Bó bá jẹ́ èédú ló ń mú iná yín wá, ẹ má tíì pe ara yín ní ọ̀rẹ́ àyíká. Kẹ́ ẹ sì ní kí olùtajà náà kọ iye iyọ̀ tó ń kù nínú omi náà sínú ìwé àdéhùn.