Ọgbà Canglang ní Suzhou, fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ògiri

Ẹni tó bá dé ìlú Suzhou ní Ṣáínà, ọgbà Zhuozheng ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ júwe fún un. Ọgbà ńlá ni, ó rẹwà, àmọ́ èrò ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ráàyè rí ògiri. Tó bá jẹ́ ògiri tó ti gbó lẹ fẹ́ yà bíi tèmi, ọgbà Canglang ni kí ẹ gbé kámẹ́rà yín lọ. Nínú gbogbo ọgbà tí mo wọ̀ ní ìlú yẹn, òun ni mo fún ní máàkì tó ga jù.

Omi ló fà á. Àwọn ọgbà yòókù fi ògiri gíga sé ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n odò ló ṣàn kọjá níwájú Canglang, orí afárá lẹ máa gbà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà létí odò náà tí ògiri là sí méjì: apá kan kọjú sí omi, apá kejì kọjú sí òkè tó wà nínú ọgbà. Fèrèsé oníṣẹ́ ọnà ló kún ara ògiri ọ̀hún. Wọ́n ní irú rẹ̀ tó wà nínú ọgbà náà jẹ́ 108, kò sì sí méjì tó jọra.

Ẹfun ni wọ́n fi ń kun àwọn ògiri yìí, òjò Suzhou kì í sì í fi ẹfun sílẹ̀, pàápàá ní oṣù kẹfà. Ọ̀rinrin á ti ìsàlẹ̀ gòkè, ẹfun á wú, á sì bó. Mo dúró pẹ́ níwájú ibì kan lábẹ́ fèrèsé: nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù dé ìwọ̀n orókún, òkè rẹ̀ rí bí eérú, kó tó wá di funfun. Ìlà dúdú tín-ín-rín ṣàn wálẹ̀ láti igun fèrèsé, ó sì dáwọ́ dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ẹfun ti ṣí, tí bíríkì yọjú. Ji Cheng, tó máa ń ṣe ọgbà fún àwọn ọlọ́lá nígbà tí ìdílé ọba Ming ń jọba ní Ṣáínà, ti sọ ọ́ pé ògiri funfun ni bébà, òkúta sì ni àwòrán. Lójú tèmi, òjò náà mọ àwòrán í yà.

Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ògiri funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á sọ ọ́ di eérú, nítorí náà ẹ yí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sókè dé +1. Lẹ́ǹsì 85mm, tó ń fa nǹkan súnmọ́, dára ju èyí tó ń kó ohun púpọ̀ mọ́ra lọ, torí kì í tẹ ìlà fèrèsé. Kìkì pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn há, èèyàn kì í ráàyè sún sẹ́yìn níbi tó wù ú, ilẹ̀ sì máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò.

Ọgbà kan tí mo lọ ṣáájú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbogbo ògiri rẹ̀ ni, funfun báláú. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò lè bá wọn jà: ẹfun tuntun ló ń gba bíríkì lọ́wọ́ òjò. Ti Canglang náà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Taiping, ní 1873, ni wọ́n tún un kọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti pẹ́ gan-an, láti ayé Su Shunqin, akéwì tó rà á ní 40,000 owó bàbà ní nǹkan bí 1045. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lónìí kéré púpọ̀ sí ti Zhuozheng, bẹ́ẹ̀ UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ọgbà àjogúnbá Suzhou láti ọdún 2000.

Tí oòrùn bá wá já lù yín lójijì, ẹ má bínú kúrò. Ẹ gba ẹ̀yìn lọ sí Cuilinglong, ilé kékeré tí ọparun yí ká. Òjìji ewé á wà lára ògiri ibẹ̀, oòrùn yẹn gan-an lẹ sì máa nílò.