Wẹ́dà tó bá mi ṣe sàìlẹ́ńsà Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù n'Íbàdàn: iṣẹ́ ẹ̀ dáa, àmọ́ mo ní ẹjọ́ díẹ̀ rò

Ẹni tó bá ṣì ń wa 504 píkọ́ọ̀pù láyé ìsinsìnyí mọ̀ pé sàìlẹ́ńsà ni gbèsè tí mọ́tò yẹn kì í jẹ́ kéèyàn san tán. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ní wàhálà, kábúrétọ̀ ni, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn ẹ̀ náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n irin abẹ́ ẹ̀ á ṣáà máa jẹrà ni. Tiwa yìí, bàbá mi ló rà á, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná ni. Ọdún 1975 ni PAN, iléeṣẹ́ Peugeot ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀, 504 ló sì gbòde kan lásìkò yẹn, ọ̀gá ìjọba ń gùn ún, ọlọ́pàá ń gùn ún, àgbẹ̀ náà ń gùn ún. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí ó ṣì ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa lẹ́yìn Ìdó wọ Ìbàdàn. Nígbà tó wá di pé kí n tó yọ sí kọ̀nà ni gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé mò ń bọ̀, tí èéfín tún ń wọlé bá wa níwájú, ó ti kọjá èyí tí wọ́n ń fi agolo mílíìkì àti wáyà dì.

Èéfín yẹn gan-an ló lé mi jáde, kì í ṣe ariwo. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, gáàsì olóró tó wà nínú ẹ̀, ò ní òórùn rárá, òórùn tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, epo tí ò jó tán ni. Torí náà tórí bá ń fọ́ yín tójú ń kùn yín nínú mọ́tò tó ń jò lábẹ́, ẹ máà sọ pé oòrùn ni o, ẹ ṣí wíńdò kẹ́ ẹ páàkì.

Mo kọ́kọ́ gba Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Gate, lọ, ṣebí ibẹ̀ náà ni gbogbo wa ń lọ. Èyí tuntun tí wọ́n kó wọlé ń dán gbinrin, àmọ́ mo fi èékánná kàn án, ó ń dún bí agolo tòmátò tí wọ́n ti jẹ inú ẹ̀ tán. Ọlọ́jà ní gbogbo 504 ló ń gbà á, bẹ́ẹ̀ ti salúùnù ni, píkọ́ọ̀pù gùn jù ú lọ, ẹ máa gé e ẹ máa so ó náà ni. Tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé wá ṣìkejì, mo kàn mì í, ìpẹtà ń dà jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo kí wọn, ó dàbọ̀.

Mẹkáníìkì wa ló wá júwe wẹ́dà kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó Road. Kò sí pátákó níbẹ̀, kò sí orúkọ, àwọn sàìlẹ́ńsà àlòkù tí wọ́n fi kọ́ igi ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà kan ni ọ̀gá ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "O fẹ́ kó dákẹ́ ni àbí o fẹ́ kó máa pariwo bíi tàwọn ọmọ yẹn?" Mo ní kó dákẹ́ bàbá, ẹ̀gẹ́ ni mò ń kó.

Ibi tí mo ti gbà fún un ni bó ṣe tú bóòtù mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá mọ Pijó yìí mọ̀ pé álúmínìọ́mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ̀, ìyẹn ọmọrí ẹ́ńjìnnì, irin sì ni àwọn bóòtù tó wọ inú ẹ̀, wọ́n ti jẹrà mọ́ra láti ayébáyé. Tí wẹ́dà oníwàdùwàdù bá ki páìpù gígùn bọ sípánà tó fi gbogbo agbára fà á, bóòtù á kán sínú, ìyẹn di pé ẹ ń tú tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi maṣíìnì lu ihò, owó mìíràn ti dé nìyẹn. Bàbá yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó da kẹrosíìnì sí gbogbo ẹ̀ ó ní kí mọ́tò sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ó fi iná gáàsì yan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan títí tó fi pọ́n, ó yí i díẹ̀ síwájú, ó tún yí i padà sẹ́yìn, ó tún da kẹrosíìnì tó bá ti tutù, kò kánjú, ó ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Kò sí ìkankan tó kán. Nọ́ọ̀tì idẹ ló wá fi dí wọn padà torí idẹ kì í gan mọ́ irin bí iná bá ń lù ú, ẹ ò ní jìyà lọ́jọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u.

Kò jẹ́ kí n sọ ti àtijọ́ nù. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo bó ṣe wọ́, ó wọn bí ẹnu páìpù ṣe fẹ̀ tó. Tí páìpù bá kéré ju bó ṣe yẹ, èéfín ò ní rọ́nà jáde, mọ́tò á máa kérora tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, epo á sì máa lọ. Pélébé irin dúdú tó nípọn tó 1.5 mm ló ká fún àgbá ẹ̀, páìpù tí wọ́n da ihò wẹ́wẹ́ sí lára ló sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Mo bi í pé ṣé páìpù omi tó wà nílẹ̀ ò lè ṣe é ni, torí irin dúdú yìí wọ́n díẹ̀. Ó ní rárá o, síńkì ni wọ́n fi kun ìyẹn, téèyàn bá jó o tó fa èéfín ẹ̀ símú, ibà ló máa fi sùn lálẹ́. Òótọ́ ni, ẹ bi wẹ́dà yòówù.

Ohun kan tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíì: ó lu ihò tín-ín-rín kan sísàlẹ̀ àgbá yẹn. Bí lítà epo kan bá jó, bíi lítà omi kan ló ń bá èéfín jáde, ọ̀nà jíjìn ló máa ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé sí ọjà, ọjà sí ilé, inú sàìlẹ́ńsà ni omi yẹn máa dúró sí tá á máa jẹ irin látinú wá síta. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń dán lóde tí wọ́n á sì jábọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó yọ orí bátìrì kó tó fi iná tẹ ojú ìdè kankan lábẹ́ mọ́tò, ó sì tú sàìlẹ́ńsà jáde wá síta kó tó jó o pátápátá, kò jó o nítòsí epo. Kò sì jó o mọ́ ṣáásì bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì ń mì lórí ẹ́ńjìn sííti ẹ̀, rọ́bà tó jókòó lé, ṣáásì ò mì, tẹ́ ẹ bá wá so páìpù gbọingbọin mọ́ ṣáásì, ibi ọrùn ẹ̀ ló máa là kó tó pẹ́. Rọ́bà táyà àlòkù ló gé tó fi so ó rọ̀.

Nígbà tó parí, ó ní kí n tan mọ́tò, ó ká àkísà nípọn ó fi dí ẹnu páìpù ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó kú. "O rí i? Tó bá ń jò níbì kan, kò ní kú, ibẹ̀ ni á máa gbà fẹ́." Mo ní ẹ ṣeun bàbá. ₦55,000 ni gbogbo ẹ̀, irin àti iṣẹ́, lẹ́yìn tá a ti nájà dáadáa. Kò wọ́n lójú mi.

Ẹjọ́ mi rèé. Ọ̀dà sílífà tí wọ́n fi kùn ún kì í ṣe ti iná, kí n tó dé Mọ́kọ́lá ló ti ń rú èéfín funfun, àwọn èèyàn ń nawọ́ sí mi pé mọ́tò mi ń jóná. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má kùn ún. Wọ́n tún gé ẹnu ẹ̀yìn kúrú, kò yọ kọjá ara mọ́tò, èéfín wá ń pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láró. Mo padà lọ, wọ́n so díẹ̀ mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n ti rí i. Rìsíìtì ò sí, tiráńsífà sì ń bí bàbá nínú, kẹ́ ẹ mú káàṣì dání. Àti pé "ọ̀la" tí wọ́n bá dá fún yín, ẹ máà fi ṣètò ìrìn àjò kankan.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti tutù kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ gbé sàìlẹ́ńsà àtijọ́ yẹn dání tó bá ti já, bó ti wù kó jẹrà tó. Ọjọ́ Jímọ̀ wọn kì í padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìrun.