Ẹ̀rọ awáwúrà lórí ilẹ̀ yangí Ìsánlú: àgbéyẹ̀wò ẹni tó rà á

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ awáwúrà fún agbègbè Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi olùtajà bóyá yóò gbà kí wọ́n dán an wò lórí yangí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ń wa wúrà pẹ̀lú ìwé àṣẹ ni yangí pupa bò. Òjò ayébáyé ti fọ àwọn èròjà mìíràn kúrò nínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ irin kù síbẹ̀, irin yìí ni ẹ̀rọ sì máa ń gbọ́ kí ó tó gbọ́ wúrà.

Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní VLF ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́kọ́jà kọ́kọ́ tà fún mi. Ó fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ dán an wò lórí tábìlì, ó ní, "Alàgbà, kò sí ilẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́." Nígbà tí a gbé e dé orí yangí, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Bí a bá dín agbára rẹ̀ kù kí ariwo lè rọlẹ̀, kì í gbọ́ wúrà tí àwa fúnra wa rì mọ́lẹ̀. Ìdí ni pé VLF ń fi agbára òòfà ránṣẹ́ sínú ilẹ̀ láìdánudúró, ó sì ń tẹ́tí ní àkókò kan náà, nítorí náà ohùn irin inú ilẹ̀ máa ń bo ti wúrà.

Mo di yangí sínú àpò, mo gba Mọ̀pà àti Kàbà padà sí Lọ́kọ́jà. Ọ̀gá náà kò fi àga lọ̀ mí. Ó ní n kò gbọdọ̀ gbé erùpẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù òun nítorí táìsì ilẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ lójú àwọn oníbàárà pé àwa ará oko kì í ka ìwé tí wọ́n bá fún wa. Mo nawọ́ rìsíìtì sí i. Fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ẹni tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ! Inú bí mi gidigidi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ló jáde wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká lọ ẹ̀yìnkùlé." Ó fúnra rẹ̀ gbé àpò náà. Ó pa jẹnẹrétọ̀ kí iná rẹ̀ má bàa da ẹ̀rọ láàmú, ó tẹ́ yangí sórí ẹní, ó sì fi wúrà kékeré tí mo mú wá sábẹ́ rẹ̀. VLF kàn ń pariwo. Ó wá gbé irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní PI jáde, èyí tí ń ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ń dákẹ́, kí ó tó tẹ́tí. Nígbà náà, ohùn ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó yọ kọ́ìlì mono, ìyẹn abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tí wáyà kan ṣoṣo inú rẹ̀ ń ránṣẹ́ tí ó sì ń tẹ́tí, ó fi DD, tí wáyà méjì pín iṣẹ́ náà ṣe nínú rẹ̀, sí i, ó ṣàlàyé pé DD kì í gbọ́ jìn tó mono, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù lórí ilẹ̀ onírin. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí yangí, ó sì dún nígbà tó dé orí wúrà. Mo dìde dúró, mo súre fún un.

Mo san owó lé e, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Lóko wa, ó ń ṣe bí ó ṣe ṣe lórí ẹní. Síbẹ̀, ó wúwo, owó rẹ̀ ga, kò sì mọ ìṣó yàtọ̀ sí wúrà dáadáa, nítorí náà a máa ń hú àjákù ọkọ́ àti ìṣó ju wúrà lọ. Létí odò, níbi tí iyanrìn kò ti ní irin púpọ̀, VLF ṣì sàn jù ú lọ fún wúrà wẹ́wẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ra ọ̀kan fún ibẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì tọrọ àforíjì.

Ẹ̀rọ PI náà: márùn-ún nínú márùn-ún.