Audiomack ni mo fi mọ olórin yìí kí Felabration tó dé

Tí ẹ bá ń lọ sí Felabration, àjọ̀dún orin tí wọ́n fi ń rántí Fẹlá, tí ẹ kò sì fẹ́ kó jẹ́ àwọn gbajúmọ̀ nìkan lẹ máa rántí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ti gba Audiomack, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, sórí fóònù yín láti oṣù kẹsàn-án. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọmọbìnrin kan pàdé tó ń fi gìtá kọrin Yorùbá, tí kò sí ilé-iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn rẹ̀, kó tó di pé mo rí i lórí ìtàgé ní Shrine. Ọ̀nà tí mo gbà rí i ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀nà kan náà lè gbé yín débi olórin mìíràn tó bá yín lára mu.

Ọdún 1998 ni Yẹni Kútì dá Felabration sílẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn tí Fẹlá bàbá rẹ̀ papò dà. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní ìgbà yẹn lọ́dọọdún ní New Afrika Shrine, Agídíngbì, Ìkẹjà. Olórin máa ń pọ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kì í pẹ́ lórí ìtàgé. Kí etí tó mọ ohùn ọ̀kan, wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá ti gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n á kọjá lójú rẹ̀ ni.

Láti ọdún 2012 tí wọ́n ti dá Audiomack sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ohun tó mú un yàtọ̀ lójú mi ni pé olórin lè gbé orin rẹ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, iye tó bá wù ú. Ẹni tó gba orin sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Bàríga lálẹ́ yìí, a lè máa gbọ́ ọ lọ́la. Ẹ má dúró sí Trending o. Àwọn tí gbogbo ayé ti mọ̀ ló kún ibẹ̀. Onígìtá kan tí mo fẹ́ràn ni mo tẹ̀ lé, mo wá ń wo orin àwọn ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ tún gbé jáde sójú ewé rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí.

Ohun kejì ni pé èèyàn lè gba orin pamọ́ sórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ṣómólú ni mò ń gbé. Wi-Fi ibi iṣẹ́ ni mo fi ń gba orin sílẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá wá há wa mọ́ orí Third Mainland, orin ń lọ, dátà mi kò dín. Ìpolówó máa ń wọlé fún àwa tí kò sanwó, ṣùgbọ́n kò dà mí láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ọmọ yìí gan-an. Ohùn orin rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin wa ló máa ń fa ọ̀rọ̀ Yorùbá gùn títí yóò fi di nǹkan mìíràn, àfi kéèyàn ka ọ̀rọ̀ orin náà kó tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló yé mi nígbà àkọ́kọ́, nínú ariwo danfo. Orin rẹ̀ kẹta dá lórí ìyá kan tó ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ ní Múṣin, tó ń ka owó ọjọ́ náà, tó sì ń pín in lọ́kàn kó tó délé: ti àjọ, ti ọjà ọ̀la, ti owó ilé ìwé. Bó bá ṣe dárúkọ ọ̀kan, gángan á dá a lóhùn. Omi bọ́ lójú mi, torí ó dà bíi pé ìyá mi gan-an ló ń kọrin nípa rẹ̀. Orin kejì kò tó bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ níbẹ̀, agbára inú ohùn rẹ̀ sì dín kù. Àwọn bíi Aṣa àti Brymo ti fi hàn pé irú orin Yorùbá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí lè lọ jìnnà, ọmọ yìí sì ní ohun tí yóò gbé e dé ibẹ̀.

Nígbà tó jáde ní Shrine, èrò kò tíì kún, ọ̀pọ̀ ṣì ń kí ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ìyá ọlọ́jà náà. Àwa díẹ̀ tó wà níwájú ń gbè é, ó sì gbọ́ wa: ó gbé ẹnu kúrò lára makirofóònù, ó jẹ́ ká gbè é tán. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí?” Mo fi fóònù mi hàn án, ó sì tẹ Follow lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ni kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tó bá wọn lu ìlù sábẹ́ orin. Ààyè wà fún un. Onígángan tó bá a jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ ló wà nínú orin tí mo gbà sílẹ̀. Ọwọ́ wọn yàtọ̀ pátápátá, mo sì fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ tí onígángan inú orin náà ti ṣe níbòmíràn.